Pẹ́nì Kan Tí Màmá Fẹ́ Ná

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbólóhùn kan ti lẹ̀ mọ́ mi létí. "Well, that's a penny saved." Mò ń gbọ́ ọ bí mo bá ń fọ abọ́, mò ń gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, mo sì ti jí lóru lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ kò bínú sí mi. Inú rere ló fi sọ ọ́. Bóyá ká ní ó bínú ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń tọ́jú ni màmá kan tó ń gbé yàrá kẹjọ, ẹni ọdún 91, tó fẹ́ràn kí fèrèsé rẹ̀ ṣí díẹ̀ bí òtútù tilẹ̀ ń mú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mò ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀ lọ́wọ́, òun jókòó sórí àga, ó bá ní, "I need to spend a penny, love."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn yẹn tí mi ò mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ ketekete. Penny pàápàá, ìyá ìyá mi tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé mọ̀ ọ́n, nítorí kí náírà tó dé ní 1973, tọ́rọ̀, sísì àti sílè ni wọ́n fi ń ná ọjà, pẹ́nì yìí kan náà ni wọ́n sì ń pè ní kọ́bọ̀. Màmá fẹ́ ná kọ́bọ̀ kan. Mo ṣí àpótí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo mú àpò owó rẹ̀ kékeré, mo da owó wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo nà án sí i kó mú èyí tó bá wù ú.

Ó wo owó náà, ó wò mí. Ó tún un sọ, ó rọra sọ ọ́. Mo dá a lóhùn pé Ọjọ́bọ̀ ni àwọn tó ń ti ọjà kiri yàrá máa ń wá, kó ní sùúrù. Mo ṣì ń ṣàlàyé lọ nígbà tí mo rí i pé omi ti ń kán láti etí àga sórí ilẹ̀.

Ojú gbà mí tì. Obìnrin tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ bíbí Leeds, wọlé ní àkókò yẹn gan-an, ó rí omi, ó rí èmi tí mo dúró pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Màmá wo ilẹ̀, ó wo owó tó wà lọ́wọ́ mi, ó bá sọ ọ́: "Well, that's a penny saved." Obìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì wá yíjú sí mi, wọ́n ń retí. Mo ní "Sorry, Ma" lẹ́ẹ̀mẹta, mo sáré lọ mú aṣọ ìnura.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni obìnrin náà ti là mí lọ́yẹ. Láyé ijọ́un, kọ́bọ̀ kan ni wọ́n ń sọ sínú ihò ara ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ ìgboro kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kò ní dárúkọ ohun tó ń lọ ṣe láàárín èèyàn. Á ní òun ń lọ ná kọ́bọ̀ kan, gbogbo ayé á sì ti yé. Kọ́bọ̀ tí Màmá kò rí ná mọ́ ló fi ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ti fi pamọ́.

Mo fara ti ògiri. Báwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn kẹ̀. Àgbàlagbà ilé wa kì í sọ ọ́ ní gbangba, á ní òun fẹ́ lọ gbọnsẹ̀. Bí àjèjì kan bá gbé ìwé atúmọ̀ èdè dání, á rí gbọn níbẹ̀, á rí ẹsẹ̀ níbẹ̀, á sì rò pé bàbá fẹ́ jó. Ìwé kò purọ́ fún un. Ìwé kàn ò dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé ni.

Ẹ kú òjò

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá nítorí omi, ó sì gbà. Ìyẹn parí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ni kò parí. Ẹ rò ó wò: arúgbó jókòó sínú ìtọ̀ ara rẹ̀ lójú ẹni tó tó ọmọ ọmọ rẹ̀, ẹ̀bi náà sì jẹ́ ti ẹni yẹn, síbẹ̀ òun ló wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi gba ìtìjú kúrò lára àwa méjèèjì. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi bí ẹni ń sọ bọ́ọ̀lù sí ọmọdé, jẹ́jẹ́, kí n lè hán an. Mo jẹ́ kó já bọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ohun tó dùn mí jù ni pé mo rò pé wọn kì í kí ara wọn. Ẹni tó dàgbà láàárín wa, tó ń gbọ́ ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, tó mọ̀ pé kò sí ipò kan téèyàn lè wà tí a ò ní ìkíni fún, ẹni bẹ́ẹ̀ á dé ibi iṣẹ́ ní Leeds láàárọ̀, ẹnì kan á kọjá lára rẹ̀, á ní "You all right?", kò sì ní dúró gbọ́ èsì. Mo máa ń dúró, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ara mi ṣe rí. Ẹni náà á ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sílẹ̀ lọ́nà mìíràn. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Awakọ̀ tó máa ń kó oúnjẹ wá wọlé, omi ń ro lára rẹ̀, ó ní, "Lovely weather for ducks." Tẹ́lẹ̀, ǹ bá wo ojú fèrèsé, ǹ bá sọ pé kì í ṣe ojú ọjọ́ tó dáa rárá. Lọ́jọ́ yẹn, ó ṣàdédé hàn sí mi: ọkùnrin yìí ń kí mi ni. Ẹ kú òjò ló sọ yẹn. Pẹ́pẹ́yẹ ló fi sọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i níbi gbogbo. Ẹni tó bá ẹ níbi tí o ti ń ru ẹrù tó wúwo, tó ní "You're enjoying yourself", ẹ kú iṣẹ́ ni. Ẹni tó sọ pé "Not bad" nípa oúnjẹ tó lá àwo rẹ̀ mọ́ féfé ti dúpẹ́, ó ti dúpẹ́ gan-an ni. Ẹni tó ní òun "a bit tired" lè jẹ́ ẹni tí kò sùn láti àná. Wọ́n máa ń dín ọ̀rọ̀ kù, kí ẹni tó ń gbọ́ fúnra rẹ̀ ro ìyókù kún un. Àwa tí a sọ pé bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n, kò yẹ kí irú èyí ṣe àjèjì sí wa.

Ìkíni sì nìyẹn, a kì í gbọ́ ọ kí a dákẹ́. Ẹni tí a kí tí kò dáhùn ní ìlú wa, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ tàbí pé ó ń bá wọn jà. Mo ti ro iye èèyàn tó ti kí mi láti ọdún tí mo dé, tí mo kàn wò wọ́n láìrẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ láàárín ara wọn pé mo le, pé mi ò fẹ́ràn èèyàn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn wọn.

Ẹ̀rín tí wọ́n fi dí wa lẹ́nu

Ibi tí mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tó fà á. Nílé ìwé tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á san owó tàbí kó jẹ pàṣán. Ẹni tó bá sì sọ Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣì í, gbogbo kíláàsì á pariwo pé "Gbàgaùn!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, tísà náà á rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan wà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ní Kíláàsì Kejì, ó pe "chair" ní "ṣíà" lọ́jọ́ kan. Títí tí a fi jáde ìwé mẹ́wàá, Ṣíà ni wọ́n ń pè é. Mi ò rántí ìgbà tó tún nawọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè.

Ẹ̀rín nìkan ni a mọ̀ pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ẹ̀rín ẹ̀sín sì ni. Ó kọ́ wa láti máa pa ẹnu mọ́, ká sì máa ka gírámà sórí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ mi, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé kí ni mo ṣì sọ? Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ tí Màmá sọ̀rọ̀ kọ́bọ̀. Bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín, ara mi ti gbà pé gbàgaùn ni.

Ti bàbá mi yàtọ̀. Ó ní rédíò kékeré kan tó ń lo bátìrì, ní Òṣogbo. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á yí i sí Voice of America, sí ètò tí wọ́n ń pè ní Special English. 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò yẹn fún àwọn tó ń kọ́ èdè náà. Nǹkan bí 1,500 ọ̀rọ̀ péré ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń kà á jẹ́jẹ́, ìyára rẹ̀ kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ìròyìn ojoojúmọ́. Bàbá á tẹ etí mọ́ ọn, á máa sọ ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé wọn lábẹ́ ẹnu. Kò sẹ́ni tó ń pariwo gbàgaùn lé e lórí. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, á pe ìyá mi pé kó wá gbọ́, á tú u sí Yorùbá fún un, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì bàbá mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù rẹ̀.

Èmi ní ìwé ẹ̀rí. Nínú IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ṣe fún àwọn àjèjì, ìbéèrè 40 ló wà ní apá ìgbọ́ràn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni èèyàn máa ń gbọ́ ohùn náà. Mo yege. Mo rò pé ìgbọ́ràn ti tán.

Kí ló gbé "kú" lọ?

Ohun tó tú etí mi sílẹ̀ kò tilẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn ní kí n kọ́ òun bí a ṣe ń kí èèyàn láàárọ̀. Mo kọ ọ́ sórí ìwé fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ, kú, àárọ̀. Ó kọ́ ọ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́ nígbà tí mò ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí mo ṣe pa fóònù, ó bi mí léèrè pé, "Where did the kú go?"

Mi ò lè dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ káàárọ̀ ni mo sọ. Kú ti wọnú àárọ̀, kò sì sí ọmọ Yorùbá kan tó ń wá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni "kí ni ó dé" ṣe di "kí ló dé", tí "jẹ́ kí á lọ" di "jẹ́ ká lọ". Kò sí tísà tó fi èyí kọ́ mi. Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi di ti ara mi. Ẹni tó bá kọ́ èdè wa nínú ìwé nìkan á dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé wa láàárọ̀, á máa retí kú.

Èmi náà, kú ni mo ń retí nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Gbogbo sílébù Yorùbá ló ń gbé ohùn tirẹ̀, ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, nítorí náà etí wa máa ń dúró ti sílébù kọ̀ọ̀kan kó sọ tẹnu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá sì dé ọ̀dọ̀ wa, a máa ń fi fáwẹ́lì kún un kó lè dúró dáadáa: búrẹ́dì, sítóòfù, súkúrù. Òdìkejì ni tiwọn. Wọ́n á tẹ ibì kan nínú ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ gbọin, wọ́n á gbé ìyókù mì. "Comfortable" tí mo mọ̀ ní sílébù mẹ́rin, mẹ́ta ni wọ́n ń fún un. "Wednesday" kò ju méjì lọ. "Do you want a cuppa?" dé etí mi bí "Jáwọ̀nà kọ́pà?", ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó mọ̀ pé tíì ni wọ́n ń fi lọ̀ mí. Ní Yorkshire níbí, agbègbè tí Leeds wà, "the" gan-an lè dín kù títí tí kò fi ní ju kí ọ̀nà ọ̀fun pa dé díẹ̀ lọ. Ìlú kan wà nítòsí wa tí wọ́n ń kọ ní Keighley, tí wọ́n ń pè bíi "Kíìtìlì".

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Láyé mi, mi ò rò pé òwe yìí lè bá bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ mu. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe bí a bá ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ náà nìyẹn: àbọ̀ la máa gbọ́, inú wa ló máa sọ ọ́ di odindi.

Mo wá ń ṣe é báyìí. BBC ti ń kọ́ àwọn àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò láti 1943, ẹ̀kọ́ wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò kan wà níbẹ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, tí èèyàn méjì máa ń jíròrò, wọ́n á bi ara wọn ní ìbéèrè kan níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́ni ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó parí. Mi ò kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo máa ń mú bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, mo máa gbọ́ ọ láìwo ìwé, mo máa kọ ohun tí mo gbọ́ sílẹ̀, mo máa tún un gbọ́, kí n tó wá fi wé ohun tí wọ́n kọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu yà mí. Àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá ni mo gbọ́ pé. Àwọn tó sọ nù ni "of", "to", "have", "for", àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n sí. Inú wọn ni ẹ̀fẹ̀ sì máa ń sá pamọ́ sí. Bí mo bá ti rí wọn tán, mo máa sọ gbólóhùn náà tẹ̀lé wọn sókè, bí bàbá mi ṣe ń ṣe, títí ẹnu mi á fi gbé ohun tí wọ́n gbé mì mì.

Igi àti ẹ̀wà

Bàbá kan wà nílé ìtọ́jú náà tó fi iṣẹ́ bíríkìlà lo ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, á wo ojú gbogbo wa, á ní, "What's brown and sticky?" Àwọn tó kù á pariwo, "A stick!" Wọ́n ti gbọ́ ọ tó ìgbà tí kò lóǹkà, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e kiri. Sticky tí mo mọ̀ ni ohun tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, bí oyin. Kí ló kan igi? Ìgbà tí mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi ni ojú mi là. Rain, rainy. Wind, windy. Salt, salty. Bí òjò bá lè ní ìrù yẹn, kí ló dé tí igi ò lè ní in? Ohun tó jọ igi ni bàbá ń sọ. Nínú ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà kan ṣoṣo sọ nǹkan di àpèjúwe, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ kiri: chilly, chatty, draughty. Tísà mi ti kọ èyí sí ojú pátákó rí, ó dá mi lójú. Mi ò rí i di mú nígbà náà.

Mo wá rántí pé báyìí gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní Yorùbá. Ẹ rántí àlọ́ àpamọ̀. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹ̀wà ni. Ọmọdé tó gbọ́ ọ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á lọ wo ẹ̀wà nínú abọ́, á rí ojú dúdú kékeré kọ̀ọ̀kan, kò sì ní gbàgbé tìróò mọ́. Àwọn ìyá wa kò pè é ní ẹ̀kọ́ èdè. Alẹ́ ni, òṣùpá ń ràn, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìwé kékeré tí mò ń sọ yìí, mi ò fi kọ ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ nìkan. Mo máa ń kọ ẹni tó sọ ọ́, ibi tó wà, àti ohun tí àwọn tó gbọ́ ọ fi dá a lóhùn. "Tea" wà níbẹ̀, oúnjẹ alẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn ará ibí. "Dinner" wà níbẹ̀, ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ ẹ́. "While" wà níbẹ̀, tí àwọn àgbà Yorkshire ń lò fún "títí di". Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún mi ni "I'm not so clever today." Bàbá bíríkìlà ló sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ní ọdún tó kọjá ni, ǹ bá ti gbà pé ó ń bu ọgbọ́n ara rẹ̀ kù, ǹ bá ti fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú nínú. Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹlòmíràn, mo mọ̀ pé ara ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò yá. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ń gbóná. Mo pe nọ́ọ̀sì. Ìdí tí mi ò fi lè fi ọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn yìí ṣeré nìyẹn. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tí kò sì gbọ́ àdììtú ọ̀rọ̀ wọn, ọwọ́ rẹ̀ ni ìyà wọn wà.

Ẹ̀rín tí kò yẹ ká dáhùn

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀rín wọn ni ìkíni o. Ẹbí ẹnì kan wá kí i lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ bí mo ṣe pe "water", ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é tẹ̀lé mi, ó ń wo àwọn tó kù kí wọ́n bá òun rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn láti Kíláàsì Kejì. Mo gbé omi fún ẹni tó ni ín, mo bá tèmi lọ. Ẹni tó ń kọ́ èdè gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀sín, kò sì sí ohun tó ní kí a máa fi ẹ̀rín ra ojú rere ẹni tó ń tàbùkù wa.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbà pé kí a da Gẹ̀ẹ́sì tiwa nù. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ, mo máa ń sọ pé "Sorry". Wọ́n á ní kí ló dé, ìwọ kọ́ lo fà á. Pẹ̀lẹ́ ni mò ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ kan tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú pẹ̀lẹ́. "Well done" tí a ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ni. Ní oṣù kìíní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà wọlé, danfo, okada, mama put àti next tomorrow wà lára wọn. Ìkíni àti ìgbé ayé tiwa la kó sínú èdè náà, wọ́n sì ń rí i. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń sọ "Sorry" fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ báyìí. Mi ò kọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Òṣogbo, ó wà ní Kíláàsì Karùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kò fẹ́ la ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú èèyàn. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń fi ohùn mi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun á gbọ́ ọ, á wá ìtumọ̀ rẹ̀, á fi èsì ránṣẹ́, á sì pa àlọ́ kan fún mi ní Yorùbá. Èyí tí bàbá bíríkìlà máa ń sọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà á. Ohùn tó fi ránṣẹ́ padà, ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló pariwo, "A stick, Àǹtí! A stick!" Ìyá rẹ̀ ní ó ti bi gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ládùúgbò.

Àná

Àná, mo wọ yàrá kẹjọ láàárọ̀. Fèrèsé ṣí díẹ̀. Màmá ti jí, ó ti wọ ìgò ojú rẹ̀, ó ń wo ìta níbi tí òjò ti ń rọ̀ wẹ́wẹ́. Mo kí i. Mo mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ibùsùn, mo tẹ bíréèkì rẹ̀, mo tọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ mi, mo mú pẹ́nì kan jáde, mo gbé e lé e ní àtẹ́lẹwọ́.

"Ready to spend it, Ma?"

Ó wo owó náà. Ó wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀, ó gùn ún dé ọrùn, títí ìgò ojú fi yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, owó náà wà láàárín ọwọ́ àwa méjèèjì.

Ó ní, "You took your time, love."

Mo ní, "Traffic, Ma." Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín mìíràn. Mo gbé e sórí kẹ̀kẹ́, mo tú bíréèkì, a sì jọ forí lé ilé ìyàgbẹ́.